Afia, Ìjàpá Pupa Màmá Dufie

Ọjọ́ Ajé, 25 Nọfẹ́ńbà 2002

Màmá Dufie gbé ọkọ̀ Ìjàpá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí. Boatemaa, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló wà á. Màmá jókòó síwájú, ó gbé àpò agbẹ̀bí rẹ̀ àtijọ́ lé itan bí ẹni pé obìnrin kan ṣì ń rọbí níbì kan, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Láti ilé rẹ̀ ní Tafo dé ọ̀dọ̀ mi ní Suame, ẹ́ńjìnnì kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ara ọkọ̀ náà ló ṣe mí láàánú. Ọkọ̀ tó pupa yòò nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ti ṣá, ó ti funfun bí ètè aláìsàn. Mo fi ìka fà á, ìyẹ̀fun rẹ́súrẹ́sú lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ntiamoah, mi ò fẹ́ ọ̀dà tuntun o," Màmá ní.

"Màmá, ọ̀dà tuntun ni iṣẹ́ mi."

"Mo mọ̀. Èyí tó wà lára rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Ó wà níbẹ̀. Oòrùn ló kàn bò ó."

Ó wá sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ojú òsì rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Dókítà ní ọ̀tún kò ní ju òjò àkọ́rọ̀ lọ, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a dúró. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye owó tòmátò. Ó ní òun fẹ́ rí Afia bó ṣe rí lọ́jọ́ tí òun rà á, lẹ́yìn náà kí ojú máa lọ síbi tó ń lọ. Ọjọ́ Ẹtì ló rà á ní 1972, Afia ló sì ń jẹ́ láti ìgbà náà, orúkọ tí a ń sọ ọmọbìnrin tí a bí lọ́jọ́ Ẹtì.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò ṣe é? Ní 1983, ọdún tí ebi àti àìsí epo dá gbogbo Kumasi dúbúlẹ̀, gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó kù nílé rẹ̀ ló dà sínú ọkọ̀ yìí láti fi gbé Frema ìyàwó mi tó ń rọbí dé ilé ìwòsàn. Frema wà láàyè. Pokuaa ọmọ wa ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Mo ní kí Màmá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Nọfẹ́ńbà

Tawia tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ti rí ohun tí yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi parí. Ó rí mi pẹ̀lú ọṣẹ àti kànìnkànìn.

"Ọ̀gá akunkọ̀ ti di afọkọ̀! Eélòó lo ń gbà, kí n gbé kẹ̀kẹ́ mi wá?"

"Rán ìjókòó rẹ."

"Kùn ún ní funfun jàre. Arúgbó nínú ọkọ̀ pupa, ẹni tó bá rí i á rò pé ìsìnkú ló ń lọ."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe sọ fún Màmá ní 1972, pé aṣọ ọ̀fọ̀ ni pupa, pé ta ló ń gbé pupa lọ sí ilé ọmọ. Ó bi wọ́n pé ta ló bímọ nínú wọn tí kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Tawia, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Nọfẹ́ńbà

Mo ra ìpara ìdánkọ̀ kan, agolo kékeré, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún sidí. Olè ni wọ́n. Mo fi dán ibi kan wò lẹ́yìn ọkọ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àkísà funfun pọ́n lọ́wọ́ mi bí ẹni nu egbò. Nígbà tí mo nù ún kúrò, ibẹ̀ pupa! Mo dúró tì í bí ọmọdé. Mo pe Tawia kó wá wò ó, ó wò ó, ó ní, "Hẹ̀n," ó lọ. Láti ẹnu Tawia, ìyìn ńlá nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 2 Disẹ́ńbà

Ó ti ṣá padà. Ibi tí mo dán lọ́jọ́ Ẹtì ti gbẹ, ó ti funfun, bí ẹni pé mi ò fọwọ́ kàn án rí. Ọ̀dà náà ti gbẹ títí dé inú. Mo ń rò ó pé ó ti kú, àti pé mo ti ṣèlérí fún arúgbó ohun tí mi ò lè ṣe. Ìbọn ọ̀dà mi wà lára ògiri. Ọjọ́ méjì péré ni màá fi kùn ún, pupa tuntun, kò sì sí ojú tó máa mọ ìyàtọ̀, ká má tilẹ̀ sọ ojú tó ń kú lọ. Ojú ti mí bí mo ṣe ń rò ó.

Ọjọ́rú, 4 Disẹ́ńbà

Mo lọ sí Tafo láti sọ òtítọ́ fún Màmá. Ó ń jẹ kẹ́ńkẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín, ó ní kí n jókòó jẹ. Mo ní ọ̀dà náà ti gbẹ, kò gba ìdán mọ́.

"Ṣé o ti fi òrí pa á?"

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. "Òrí tí a fi ń para, Màmá?"

"Ọmọ tuntun tí ọyẹ́ bá mú kí ara rẹ̀ gbẹ, tó funfun bí ẹfun, kí la fi ń pa á? Ṣé o máa ń gbé e lọ sí Suame kí wọ́n lọ kùn ún ni?"

Boatemaa rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi dà lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú mi mo ń sọ pé ọgbọ́n àwọn agbẹ̀bí àti ti akunkọ̀ kò bá ara wọn tan. Mo ra òrí nígbà tí mo ń padà bọ̀, kí n má baà di aláìgbọràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Disẹ́ńbà

Mo yọ́ òrí díẹ̀, mo fi pa ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀ látòkè délẹ̀. Ó mu ún. Mo tún pa á, ó tún mu ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sílé. Tawia ní kí n má gbàgbé láti so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Disẹ́ńbà

Mo débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo nu òrí àná kúrò, mo fi ìpara ìdánkọ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọwọ́ fúyẹ́, mo sì nù ún.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kun ọkọ̀, mi ò rí irú pupa yìí rí. Ó jìn. Bí ènìyàn bá gbé ìgò epo pupa tuntun sókè sí oòrùn tó sì wo inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn tí mi ò mọ̀ ló kùn ún, ní ìlú tí mi ò dé rí, kí n tó mọ ìbọn ọ̀dà dì mú, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà lábẹ́ eruku ara rẹ̀. Màmá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi oníṣẹ́ ni mi ò gbà gbọ́.

Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Mo ní, "Afia, o ṣé tó o dúró." Mi ò mọ̀ pé Tawia ti dé. Ó gbọ́. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sún mọ́ ọkọ̀ náà, mi ò sì rò pé ó mọ̀ pé òun bọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Disẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé. Eruku lórí ohun gbogbo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń fọ ọkọ̀ yìí lójúmọ́ kí n tó lè fọwọ́ kàn án, torí eruku kan ṣoṣo lábẹ́ àkísà, àpá ni. Ètè mi ti là. Èmi àti Afia ń pín òrí kan náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Disẹ́ńbà

Mo parí òrùlé àti apá ẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà wò ó. Ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, Adusei lorúkọ rẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì sí àárín ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ọkọ̀ Màmá Dufie kọ́ nìyí?"

"Òun ni."

"Ìyá mi ní inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, lójú ọ̀nà Mampong."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìjókòó ẹ̀yìn títí. Ènìyàn gàgàrà ni, ọwọ́ rẹ̀ kan tó orí mi. "Ó mà kéré o," ó ní.

"Ìwọ náà kéré nígbà yẹn," Tawia dá a lóhùn láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

Adusei bú sẹ́rìn-ín, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òrùlé pupa náà. Àwọn ọkọ̀ lẹ́yìn ń fun fèrè, wọ́n ń bú u. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni pé ó yẹ kí nǹkan kan wà níbẹ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́bọ̀, 19 Disẹ́ńbà

Mo ba nǹkan jẹ́. Lórí ìdérí iwájú, níbi tó ti yọ gọngọ láàárín, mo tẹ̀ ẹ́ jù. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ aláwọ̀ eérú yọjú, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, mo sì mọ̀ ọ́n sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ọ̀dà tó lọ, kò sí òrí tó máa dá a padà. Mi ò jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ Ajé, 23 Disẹ́ńbà

Màmá wá. Tawia dúró níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, Màmá ò sì mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ títí Tawia fi kí i. Ní Nọfẹ́ńbà, láti ẹnu ọ̀nà ni Màmá ti rí Tawia. Èmi àti Tawia wo ara wa.

Ìka rẹ̀ ti wú, òrùka ìgbéyàwó kò gbà mọ́, ó so ó mọ́ okùn dúdú sọ́rùn. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ibi tí mo bàjẹ́, mo jẹ́wọ́. Ó fi ìka yí i po.

"Ìyẹn náà ni? Èmi náà, egungun mi ti ń yọjú níbi eékún. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Kò fẹ́ wo ìyókù. Ó ní tí òun bá wò ó díẹ̀díẹ̀, òun á ti ná ojú òun tán kó tó pé. Ọjọ́ Ẹtì kan ni kí n fi pè é, tí oòrùn bá wà.

Ọjọ́rú, 25 Disẹ́ńbà

Kérésì. Fùfú, ọbẹ̀ ewúrẹ́. Pokuaa wá láti ilé ẹ̀kọ́. Ó ní gbogbo ara mi ń rùn òrí.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Jánúárì 2003

Ó ku ìlẹ̀kùn méjèèjì. Lábẹ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí ìka máa ń wọ̀ tí a bá fẹ́ fà á, ìlà kún ibẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bí ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan jìn dé irin. Òrùka Màmá ló ha á bẹ́ẹ̀. Ìpara kò lè mú un lọ. Nígbà tí gbogbo ìyókù ti ń dán báyìí, ibẹ̀ nìkan ni ojú ń lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kò sẹ́ni tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ akunkọ̀ ní Suame pẹ̀lú àpá lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Wọ́n á bi mí pé ṣé mi ò rí i ni. Àti pé ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣé ìyẹn náà là ń pè ní ọ̀dà tuntun?

Ọjọ́rú, 8 Jánúárì

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi po pupa. Pupa tó wà nínú agolo kò mọ nǹkan kan. Mo fi dúdú díẹ̀ sí i, mo fi àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, mo ń kùn ún sórí páànù, mo ń gbé e sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Afia, mo ń jù ú nù. Ìgbà kọkànlá ló tó bá a mu. Mo gbé e tì í, mi ò mọ èyí tó jẹ́ èwo.

Ọjọ́bọ̀, 9 Jánúárì

Mo fi pọ́tì dí àwọn ìlà náà, mo fi sáńpépà rin ín títí ó fi tẹ́jú bí awẹ́ obì, mo kùn ún. Mo pe Tawia pé kó fi ìka hàn mí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́. Ó wá a títí. Ó nàka sí ìlẹ̀kùn kejì. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi nìyí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Jánúárì

Mo fi ìda pa gbogbo rẹ̀. Ó parí. Ó kù kí oòrùn yọ. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, oòrùn kàn rí bí owó ẹyọ fàdákà àtijọ́ lókè, a lè wò ó ní ojúkojú. Boatemaa ránṣẹ́ pé Màmá da omi gbígbóná sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lánàá torí kò rí ife.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Jánúárì

Kò sí oòrùn. Màmá wọ aṣọ òde, ó jókòó dè mí. Mo ránṣẹ́ pé kó bọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aládùúgbò jà.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Jánúárì

Ọyẹ́ ká kúrò lówùúrọ̀ yìí. Aago mẹ́wàá, oòrùn mọ́ gbogbo Suame. Mo ti Afia jáde síta gbangba. Àwọn ẹlẹ́rọ, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń ta omi, gbogbo wọn ti gbọ́, wọ́n dúró yí ká, kò sí ẹni tó ń lu irin.

Boatemaa mú Màmá wá, ó dá a dúró sí ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Màmá yí orí sí ẹ̀gbẹ́, bí adìyẹ tó ń wo àṣá, ó ń wá ibi tí ojú rẹ̀ kù sí. Ó yí i díẹ̀, ó tún yí i padà. Ẹ̀rù bà mí pé a ti pẹ́ jù. Orí rẹ̀ wá dúró.

"Ó pupa," ó ní.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ntiamoah, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe pupa tó ni? Mo ti rò pé mo ń fi kún un nínú ọkàn mi ni."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pupa tó, Màmá."

Omi bọ́ lójú mi. Tawia náà ń nu ojú, ó ní eruku ni.

Màmá wò ó tó, ó wá rìn lọ sídìí ìlẹ̀kùn awakọ̀. Ó na ọwọ́, ó ki ìka sábẹ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Kò fà á. Ìka rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wá nǹkan. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń yí padà.

"Ìlẹ̀kùn ta nìyí?"

Mo ní, "Màmá, ti Afia ni. Àpá ló pọ̀ níbẹ̀. Mo dí i. Mo kun ibẹ̀ nìkan."

"O dí i."

"Mo fẹ́ kó dára ni."

Ó fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Tí mo bá ń lọ sọ́jà, jẹ́jẹ́ ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn yìí. Ìgbà tí wọ́n bá sáré wá pè mí pé obìnrin kan ń kú lọ, ìgbà yẹn nìkan ni òrùka mi máa ń ha á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìlà wọ̀nyẹn, obìnrin kan ni. Mo mọ̀ wọ́n. Mo ti ń rò ó pé tí ojú bá lọ tán, màá máa jókòó ti Afia, màá máa fi ìka kà wọ́n." Ó fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn náà. "Frema wà níbẹ̀."

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú iṣẹ́ yìí. Mo fi pọ́tì dí ìyàwó mi, mo fi sáńpépà rin ín, mo sì pe Tawia kó wá yìn mí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku níwájú gbogbo Suame.

"Dìde," Màmá ní. "Wá di ọwọ́ mi mú. Ìwọ lo pa wọ́n rẹ́, ìwọ lo máa bá mi kọ wọ́n."

Ó yọ òrùka kúrò lára okùn ọrùn rẹ̀, ó ki ín bọ ìka kékeré, ibẹ̀ nìkan ló gbà. Mo gbé ọwọ́ mi lé tirẹ̀. Nígbà tó fa ìlẹ̀kùn yẹn, agbára tó jáde níbẹ̀ fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Òrùka ha ọ̀dà, pupa tí mo pò lẹ́ẹ̀mọkànlá, mo gbọ́ ọ bó ṣe ń là. Ẹni tó bá ha ọkọ̀ mi níjọ́ mìíràn, ọlọ́pàá ló máa là wá. Mi ò mọ ìdí tí mo fi fẹ́ kúnlẹ̀.

"Frema," Màmá ní. Ó pa ìlẹ̀kùn dé, ó tún fà á. "Yaa Nyarko." Ó tún pa á dé. "Ìyá Adusei."

Mẹ́rìndínlógún ló kọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ó ní ìyókù kò níí sá lọ, òun á máa ṣe wọ́n nílé bí wọ́n bá ṣe ń wá sọ́kàn. Gbogbo ènìyàn dúró títí ó fi tán, Tawia sì ń pe orúkọ wọn sókè fún àwọn tó wà lẹ́yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Jánúárì

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Frema lánàá, mo rò pé yóò bá mi jà. Láàárọ̀ yìí ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun tó fi kó ọmọ jáde nígbà tí a bí Pokuaa, ó gún iṣu pẹ̀lú epo pupa, ó to ẹyin mẹ́ta lé e lórí bí a ṣe máa ń ṣe fún ìdúpẹ́, ó ní ká lọ sí Tafo.

Afia wà lábẹ́ igi máńgòrò. Màmá wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní òun kò rí wa dáadáa lónìí, ṣùgbọ́n òun gbọ́ òórùn epo. Frema gbé oúnjẹ fún un, ó kúnlẹ̀ kí i. Ó wá bi í pé, "Màmá, èwo ni tèmi?"

"Èyí tó jìn jù. Epo ọkọ̀ ti ń tán lọ lọ́jọ́ yẹn, tagbáratagbára ni mo fi fà á."

Frema ki ìka sábẹ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn, ó wá a, ó rí i. Kò tètè yọ ìka kúrò níbẹ̀. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.